Ẹsẹ̀ Ni A Fi Ń Gun Òkè: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìlépa Ẹ̀dá àti Ìfaradà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. A máa ń pa òwe yìí fún ọmọdé nígbàkígbà tí a bá fẹ́ kí ó tẹra mọ́ iṣẹ́. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé ohun mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: oyin, àpáta àti àáké. Oyin ni ohun tí a ń lépa. Àpáta ni ìṣòro tí ó wà láàárín àwa àti ohun náà. Àáké ni ohun èlò wa, èyí tí ẹnu rẹ̀ yóò kú díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ oyin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa oyin. Àwọn díẹ̀ a sì máa ṣe àròyé nípa àpáta. Ṣàṣà ni ẹni tí í bi ara rẹ̀ léèrè pé: irú àáké wo ni ó wà lọ́wọ́ mi, ǹjẹ́ mo sì ṣe tán láti máa pọ́n ọn lójoojúmọ́?

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni í mú kí ìlépa ènìyàn dúró títí yóò fi ṣẹ, kí sì ni í mú kí ó kú sójú ọ̀nà? Kò sí olùkọ́ tí ìbéèrè yìí kò kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, gbogbo ọmọ kíláàsì ni yóò sọ pé àwọn yóò yege. Ọkàn wọn a gbóná, wọn a ra ìwé tuntun, wọn a kọ àkókò ìkàwé wọn sára ògiri. Kí oṣù kejì tó parí, ìwé ti ya, ògiri nìkan ni ó kù. A kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa ní ọjọ́ tí wọ́n pinnu. Wọ́n fẹ́ ẹ lóòótọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fífẹ́ nìkan kò tó.

Èdè wa ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀tọ̀ ni ìfẹ́, ọ̀tọ̀ ni èrò, ọ̀tọ̀ sì ni ìlépa. Inú ọkàn ni ìfẹ́ ń gbé. Ọ̀lẹ pàápàá ń fẹ́ kí iṣu òun ta. Inú orí ni èrò ń gbé. Ènìyàn lè gbèrò láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ láì dìde lórí ẹní. Ṣùgbọ́n ìlépa ní ẹsẹ̀. A kò lè sọ pé ọdẹ ń lépa ẹran nígbà tí ó jókòó sí ìdí iná. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún wa pé òun ní ìlépa, kì í ṣe 'Kí ni o fẹ́ dà?' nìkan ni ó yẹ kí á bi í. Ó yẹ kí á bi í pẹ̀lú pé, 'Ibo ni o gbé ẹsẹ̀ dé lónìí?'

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí á yà sí Adó-Àwáyè, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìdí òkè ńlá kan ni ìlú náà wà, orí òkè yìí sì ni adágún omi Ìyákẹ́ wà, lórí àpáta, tí ojú ọ̀run nìkan bò mọ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn 369 ni a tò sára òkè náà fún ẹni tí ó bá fẹ́ gùn ún. Ẹni tí ó bá dúró sí ìsàlẹ̀, tí ó gbé ojú sókè, tí ó sì ń ka 369 nínú ọkàn rẹ̀, orúnkún rẹ̀ yóò ti rẹ̀ kí ó tó gbéra. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ènìyàn kan tí a ní kí ó gun 369 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan ni a bi í. Bí ó bá ti gun ọ̀kan, ọ̀kan mìíràn ni a ó tún bi í.

Ẹ̀kọ́ kìíní tí òkè yìí kọ́ wa nìyí: ìlépa tí a kò lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ kò tíì di ìlépa, àlá ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní, 'Mo fẹ́ mọ Yorùbá dáadáa,' ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Bí ó bá ní, 'Ní àṣálẹ́ òní, n óò ka ojú ìwé mẹ́rin nínú ìwé ìtàn àròsọ wa, n óò sì kọ òwe tí mo bá rí níbẹ̀ sílẹ̀,' ó ti rí àtẹ̀gùn kan. Ẹ̀kọ́ kejì kò gbọdọ̀ jìnnà sí i: àtẹ̀gùn kò ní ìtumọ̀ bí kò bá sí Ìyákẹ́ lókè. Ẹni tí ó ń ka ojú ìwé mẹ́rin lójoojúmọ́ láì mọ ìdí tí ó fi ń kà á yóò dà bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ó tún ń gùn ún. Ohun ńlá ni yóò máa pe ẹ̀dá láti òkè. Ohun kékeré ni yóò máa gbé e lọ síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta wà níbẹ̀ tí a kì í sábà fiyè sí. Ní ayé ogun, orí òkè yìí ni àwọn baba ńlá ìlú náà ń gbé, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tá kò ti lè tètè tẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ogun kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n sì ń dáko. Ǹjẹ́ a lè sọ pé wọ́n ti pa ìlépa wọn tì? Rárá o. Kì í ṣe òkè ni wọ́n ń lépa; ààbò ni. Nígbà tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ààbò, ọgbọ́n ni pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣi ohun tí wọ́n ń lépa mọ̀. Ẹni tí ó sọ pé dókítà ni dandan òun yóò dà lè jẹ́ ẹni tí ń fẹ́ láti wúlò fún aláìsàn. Bí ọ̀nà kan bá dí, ọ̀nà mìíràn sí ìwúlò náà wà: nọ́ọ̀sì ń bẹ, apoògùn ń bẹ, olùkọ́ ìmọ̀ ìlera ń bẹ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Yíyí ọ̀nà padà yàtọ̀ sí yíyí ẹ̀yìn padà.

Kò jìnnà sí Adó-Àwáyè ni ìlú Òṣoògùn wà, níbi tí a ti bí Samuel Ajayi Crowther. Ìtàn rẹ̀ kì í ṣe tuntun létí olùkọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú mìíràn ni a fẹ́ fi wò ó níhìn-ín. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣoògùn. Ọmọdé ni Àjàyí nígbà náà, kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n kó o lọ sí Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ń bọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Potogí, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ẹrú. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837 nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó sọ ọ́ ní gbangba pé ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi pé òun gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì sọ ọmọ náà kalẹ̀ ní Freetown ní Sàró.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbẹ̀. Kí ni ọmọ tí ó ti sọ ilé àti bàbá nù lè máa lépa? Bí ẹnì kan bá sọ fún un ní ọjọ́ náà pé yóò di bíṣọ́ọ̀bù, yóò rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kéré púpọ̀: lẹ́tà A, lẹ́yìn náà B. Ó sọ nínú lẹ́tà yẹn kan náà pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, òun ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun dé àyè kan, wọ́n sì fi òun ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ fún owó táṣẹ́rẹ́ lóṣù. Láti orí èyí ni òmíràn ti jáde. Ní 1825 ó ṣe ìrìbọmi. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1841 ó bá àwọn tí ń wo Odò Ọya lọ. Ní 1843 wọ́n fi í joyè àlùfáà, ọdún náà sì ni ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1846 ó rí ìyá rẹ̀ padà ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti pínyà. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe pé ó rí òpin ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn tí ó gùn ni ó ń fi èyí tí ó kù hàn án. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ ohun tí òun yóò dà má ṣe rò pé ayé òun ti bàjẹ́. Bí ó bá ń ṣe èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, ìlépa rẹ̀ yóò máa dàgbà pẹ̀lú rẹ̀.

Níhìn-ín ni ẹnì kan yóò ti dìde, tí yóò sì wí pé, 'Ọ̀rọ̀ orí ni. Àyànmọ́ Àjàyí ni ó gbè é. Mélòó nínú àwọn tí a jọ kó lẹ́rú ni ó rí ọkọ̀ tí yóò gbà wọ́n?' Àtakò yìí lágbára, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí pé inú ìgbàgbọ́ Yorùbá gan-an ni ó ti wá. A gbà pé àkúnlẹ̀yàn wà. A gbà pé ẹni tí ó yan orí rere ní ilé Àjàlá kò lè jìyà bí ẹni tí ó yan orí tí kò jinná. Òótọ́ sì ni pé Àjàyí kò fi ọgbọ́n ara rẹ̀ pe ọkọ̀ ogun náà wá.

Ṣùgbọ́n Ifá tí ó kọ́ wa nípa Orí kò fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Wándé Abímbọ́lá ti tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá, èyí tí ó tẹ̀ jáde ní 1976, pé Ẹsẹ̀ ní ipò tirẹ̀ nínú kádàrá ẹ̀dá, àti pé Ẹsẹ̀ dúró fún akitiyan. Ìtàn kan wà nínú Ifá pé gbogbo Orí péjọ láti gbìmọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pe Ẹsẹ̀. Èṣù ní kí àwọn máa wò ó bí ìmọ̀ náà yóò ṣe gún. Ìjà ni ìpàdé ọ̀hún fi parí. Ìgbà tí wọ́n padà ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ìpinnu wọn tó wá sí ìmúṣẹ. Kò sí ẹni tí ó lè rí ìtàn yìí kí ó tún sọ pé Yorùbá gbà pé orí nìkan ni ó ń ṣe é. Orí a yan ibi tí à ń lọ; bí ẹsẹ̀ kò bá gbé e, ojú kan náà ni yóò wà. Bí a bá fi èyí wo ọ̀rọ̀ Crowther, a ó rí i pé ọkọ̀ tí ó gbà á là jẹ́ ti orí. Ìwé tí ó kọ́ jẹ́ ti ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn wà nínú ọkọ̀ kan náà tí a gbà là pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí orí fún wọn bá ara dọ́gba ní ọjọ́ náà. Àǹfààní ni orí ń ṣí sílẹ̀ fún ni. Lílò rẹ̀ di ọwọ́ ẹni tí ó rí i.

Bí a bá ti gbà pé Ẹsẹ̀ ní iṣẹ́, ìbéèrè tí ó kàn ni pé: kí ni í jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa rìn nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́? Ọ̀pọ̀ rò pé ìtara ni. Ìtara dára láti fi dá iná, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi ìdáná. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí ara wa bá yá nìkan ni a ó máa ṣiṣẹ́, ọjọ́ díẹ̀ ni a ó ṣe nínú ọdún. Ẹ wo ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí ó lókìkí fún aṣọ òfì. Òwú gígùn tí ó nà sí iwájú rẹ̀ ni a so òpin rẹ̀ mọ́ ẹrù wúwo kan ní ọ̀nà jíjìn. Ahunṣọ kì í dìde lọ bá ẹrù náà. Bí ó ti ń hun, tí ó sì ń ká aṣọ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà ń wọ́ bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Aṣọ tí ó ń hun tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé kò lè bo ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rán an pọ̀ mọ́ra, ó di agbádá tí ọkùnrin ńlá ń fi ṣe ọlá. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni inú ahunṣọ ń dùn. Ìjókòó rẹ̀ ni ó ti di bárakú. Aristotle, amòye ilẹ̀ Gíríìsì, ti sọ tipẹ́ pé nípa kíkọ́ ilé ni ènìyàn fi ń di kọ́lékọ́lé, àti pé nípa híhu ìwà òdodo ni a fi ń di olódodo. Baba ahunṣọ ti mọ èyí láì ka ìwé rẹ̀.

Ohun kejì tí í gbé ẹsẹ̀ ró ni ẹgbẹ́. Láti 1850 tí ìwé sí àwọn ará Róòmù ti jáde ní èdè Yorùbá, títí di 1884 tí odindi Bíbélì tó jáde, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Crowther nìkan kọ́ ni ó ṣe é. Thomas King wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní 1862, àwọn mìíràn sì tún kún wọn lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ ìlépa rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ kan tí yóò máa bi í léèrè ti ní ọ̀pá ìtìlẹ̀. Olùkọ́ pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀: kì í ṣe kí ó máa dúró sí orí òkè kí ó máa pariwo pé, 'Ẹ gòkè wá!' Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbẹ́ àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ ọmọ náà lè tó.

Wàyí o, a kò tíì sọ apá tí ó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ǹjẹ́ gbogbo ìlépa tí ènìyàn bá forí tì ni ó yẹ kí á yìn? Ìgboyà àti ìforítì kò ní ojú. Wọ́n lè sin olóòótọ́, wọ́n sì lè sin olè. Ẹ rántí Kàkó nínú *Ogbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Ìrìn àjò sí Òkè Láńgbòdó jẹ́ ìrìn àjò rere, nítorí àlàáfíà ìlú ni. Síbẹ̀, nígbà tí obìnrin tí ó fẹ́ràn Kàkó dì mọ́ ọn tí kò jẹ́ kí ó lọ, Kàkó pa á, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn kan a máa ka ibẹ̀ bí àpẹẹrẹ akin. Ó yẹ kí olùkọ́ dúró lórí rẹ̀, kí ó bi kíláàsì léèrè pé: òkè wo ni ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ gùn ún? Ìlépa tí ó bá jẹ ìwà run ti jẹ ẹni tí ń lépa rẹ̀ run.

Kì í ṣe inú ìwé ìtàn nìkan ni Kàkó wà. Ní 1977, jíjò tí ìbéèrè ìdánwò WAEC jò síta di ọ̀rọ̀ gbogbo ẹnu, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ ọ́ ní Expo 77. Irú rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀ wa. Ẹni tí ó ra ìbéèrè ìdánwò náà ní ìlépa, ó sì tẹpẹlẹ mọ́ ọn: ó wá owó, ó pàdánù oorun, ó tọ ọ̀nà jíjìn. Kí ni a ó wá fi dá a lẹ́bi? Ohun tí a ó fi dá a lẹ́bi ni pé ìwé-ẹ̀rí ni ó ń lépa, kì í ṣe ohun tí ìwé náà ń jẹ́rìí sí. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbé dé etí Ìyákẹ́ ní ojú oorun, tí ó wá ń sọ fún ayé pé òun ti gun òkè. Bí wọ́n bá ní kí ó tún gùn ún níṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí ni yóò wí? Ẹni tí ó gba ìwé-ẹ̀rí ìṣègùn láì mọ oògùn, aláìsàn ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ó kù kí á sọ ti ẹni tí ó ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ, tí kò sì rí i gbà. Irú wọn pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe ìdánwò, ìtùnú òfìfo kò sì wúlò fún wọn. Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ Òṣoògùn. Ìlépa ńlá Crowther ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni iṣẹ́ ìhìnrere Odò Ọya, tí àwọn ènìyàn dúdú yóò máa darí fúnra wọn. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere gba àṣẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì lé púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ tí ọdún 1891 parí ni ó kú. Bí a bá wo ipò nìkan, a ó ní ó ṣubú ní àtẹ̀gùn ìgbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe lórí èdè wa ń bẹ lọ́wọ́ wa títí di òní. Orí rẹ̀ ni a sì ń tẹ̀ lé nígbà tí a bá ń kọ Yorùbá sílẹ̀. Ẹlòmíràn lè gba ipò lọ́wọ́ ẹni. Kò lè gba ohun tí ẹni náà ti dà nípa iṣẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò já kulẹ̀: bí ó bá kàwé ní òótọ́, èsì tí kò dára kò lè yọ ohun tí ó kà kúrò nínú rẹ̀. Orí ohun náà ni yóò dúró lé láti tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ti gun igba àtẹ̀gùn, tí ó jókòó sinmi, tí a lè sọ pé ìsàlẹ̀ ni ó wà.

Ní àkótán, èsì ìbéèrè wa rèé. Ìlépa a máa dúró nígbà tí ìdí rẹ̀ bá yé ẹni tí ń lépa rẹ̀, tí a bá fọ́ ọ sí ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ lè gbé, tí bárakú bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìtara, tí ẹgbẹ́ rere bá wà nítòsí, tí a kò sì tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó máa ń kú nígbà tí ó bá jẹ́ ìfẹ́ lásán, tàbí nígbà tí a bá sọ ọ̀nà di ibi tí à ń lọ. Orí yóò ṣe tirẹ̀. A kò lè ṣe é fún un. Ṣùgbọ́n kí Orí má ṣe pe ìpàdé kí ó gbàgbé Ẹsẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ìgbín ń gun igi, kò sì sí ẹni tí ó rí i lókè tí ó bi í pé ìgbà wo ni ó gbéra.